Àtùpà Olójú Ọmọ

Obìnrin tó kọ́kọ́ dá àtùpà padà kò bá mi jà. Ó gbé e sórí tábìlì mi lọ́jà Woolwich, ó fi àtàǹpàkò nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ, ó ní igi yìí kì í gbẹ. Ó ní láràárọ̀ tóun bá jí, omi á ti ṣàn láti ojú rẹ̀ méjèèjì wá sí àgbọ̀n. Mo ní bóyá òjò ni. Ó ní inú ilé lòun gbé e sí. Nígbà tó lọ tán, mo fi ìka kan omi náà, mo tọ́ ọ wò. Ó níyọ̀.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ta ni kò ní wá àwíjàre? Mo ní pákó tútù ni wọ́n tà fún mi. Mo nu ún, mo tún fáníìsì kùn ún, mo sì tà á fún ẹlòmíì kí ọjà tó tú.

Ọládèjì lorúkọ mi. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, Thamesmead là ń gbé. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ọ̀sì fẹ́ pa mí, mo ra CNC àlòkù kan, mo gbé e sínú gáréèjì tí mo háyà lẹ́yìn ilé wa. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ igi ni. Èèyàn á fi àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, abẹ rẹ̀ á máa yí bìrì-bìrì lórí pákó títí ohun tó wà nínú àwòrán á fi jáde. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í béèrè ìdí. Ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri ni mo kọ́kọ́ ń fi gbẹ́. Kò tà. Ẹnìkan ló wá sọ fún mi pé Halloween ni kí n dojú kọ, ọdún òkú tí òyìnbó ń ṣe lópin October, pé kò sí nǹkan ẹ̀rù tí wọn kì í rà nígbà yẹn. Bẹ́ẹ̀, tí pásítọ̀ wa bá gbọ́ Halloween, ààwẹ̀ ló máa kéde. Mo sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé férémù àwòrán ni mò ń ṣe. Mo pa irọ́ náà dáadáa débi pé wọ́n fi iṣẹ́ mi sínú àdúrà ìdúpẹ́.

Elégédé olójú burúkú ni gbogbo ayé ń tà. Èmi fẹ́ ohun tó yàtọ̀, ojú ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín, tí iná á máa tàn láti ojú àti ẹnu rẹ̀. Mo wá àwòrán lọ sínú fóònù mi. Ìbejì ni àwọn ọmọ wa, Ìyèbíyè àti Fẹ́rànmí. Ìyèbíyè ló kù. Àìsàn ló mú Fẹ́rànmí lọ kó tó wọ ilé ìwé. Wọ́n jọra débi pé rìbọ́nnì ni ìyàwó mi, Ọmọ́ṣaléwá, fi ń dá wọn mọ̀. Àwòrán tí mo rí, àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀, lórí koríko Woolwich Common, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo gé ẹnìkan kúrò. Nígbà tí Ṣaléwá béèrè, mo ní ojú Ìyèbíyè ni mo lò.

Irọ́ ni. Tí Fẹ́rànmí bá ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ máa ń là ju ti èkejì lọ, gbogbo eyín rẹ̀ á yọ tán. Mo mọ ẹni tí mo gé kúrò, mo mọ ẹni tí mo fi sílẹ̀. Mo fẹ́ rí i ni. Nígbà tí abẹ náà kọ́kọ́ yọ imú rẹ̀ jáde nínú pákó, mo jókòó sórí èérún igi, mo sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo nu imú mi, mo tẹ bọ́tìnnì, mo ní kí ẹ̀rọ tún gbẹ́ òmíràn. Mo sì kó wọn lọ sọ́jà.

Ọjà náà yá. Àmọ́ lẹ́yìn obìnrin àkọ́kọ́ yẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọkùnrin kan ní Abbey Wood ní súìtì tóun gbé síwájú àtùpà ń dín kù, bẹ́ẹ̀ òun ò bímọ, òun ò lájá. Ìyá kan ní ọmọ òun sọ pé àtùpà náà ń béèrè ibi tí ilé wà. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe? Mo kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìpolówó mi. Àtùpà tó ń sunkún, ẹ wá rà á. Ẹni tó ń ra nǹkan ẹ̀rù, ẹ̀rù náà ló ń wá. Wọ́n rọ́ dé, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Àsìkò yẹn gan-an ni Ìyèbíyè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí kò yé mi nídìí oúnjẹ àárọ̀.

"Daddy, ilé tó ní green door yẹn, ajá wọn ò like wa."

"Ilé wo?"

"Ilé tí a lọ."

"Ìwọ àti ta ni?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣeré. Ó ti abọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, àwọn ń rìn jù. Mo fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó tutù. Ẹrẹ̀ wà láàárín ọmọ ìka rẹ̀, ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Kò pẹ́ tí kò fi jẹun mọ́. Nọ́ọ̀sì ni Ṣaléwá, ọsibítù tó wà nítòsí Common ló ti ń ṣiṣẹ́, ó gbé e lọ síbẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya fọ́tò inú, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé. Oorun ló kù tó ń sùn. Tí a bá pè é, á pẹ́ kó tó dáhùn, bí ẹni tó wà lókèèrè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jìn wọlé. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún wa ń bọ́ lọ lójú wa, a ò sì mọ ohun tó ń fà á.

Ìyá Ṣaléwá ń gbé ní Plumstead, Aládùúrà aláṣọ funfun ni. Látìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, kò pè mí ní ìwọ rí. Bàbá Ìbejì ló ń pè mí, ẹ̀yin ló sì ń lò fún mi, kódà lẹ́yìn tí ìbejì ti ku ẹyọ kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó wá gbàdúrà fún Ìyèbíyè, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó gba kíṣìnì kọjá, ó sì rí àtùpà kan tí oníbàárà dá padà, tí mo gbé sẹ́bàá fèrèsé. Agogo àdúrà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló gbẹ́ Fẹ́rànmí?" Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá.

"Mama, Ìyèbíyè nìyẹn," Ṣaléwá ní.

"Èmi ni mo wẹ àwọn méjèèjì. Mo ní ta ló gbẹ́ Fẹ́rànmí?"

"Ẹ̀rọ ni, Mama," mo ní. Ẹ gbọ́ ìdáhùn òmùgọ̀.

"Ẹyọ mélòó?"

Ṣaléwá yíjú sí mi. Ó ti yé e pé mo purọ́ fóun.

Mama fa àga, ó jókòó. Ó ní nílé àwọn, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ẹ sí igi, kó lè ríbi jókòó sí nítòsí èkejì rẹ̀. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fún un lóúnjẹ, á máa wọ̀ ọ́ láṣọ. Tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán tí wọn ò tọ́jú ẹ̀, á wá pe èkejì rẹ̀ mọ́ra.

"Nígbà tó kú, ẹ ní ẹ ti di àtúnbí, ẹ ò gbẹ́ nǹkan kan. Mo gbà. Àwa náà kì í ṣe é ní ìjọ wa. A fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ó sì sinmi." Ó gbójú sókè wò mí. "Ìwọ lo jí i. O gbẹ́ ẹ, o gbé e lọ sọ́jà. Ọládèjì, ta ní í ta ọmọ?"

Ó pè mí ní ìwọ. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá wọlé. Mo fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀, mo fẹ́ sọ pé igi lásán ni, àmọ́ mo rántí bí mo ṣe jókòó sórí èérún igi. Ẹni tó mọ̀ pé igi lásán ni kì í sunkún sí i.

Mama ní, "Láti ilé dé ilé ló ń rìn, ó ń wá ibi tí wọ́n ti máa mọ̀ ọ́n. Èkejì rẹ̀ ń bá a rìn kó má dá rìn. Lọ kó gbogbo ẹ̀ wálé."

Mo lọ. Mo kan ilẹ̀kùn kiri, mo dọ̀bálẹ̀ fún òyìnbó tí kò mọ ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ jẹ́. Mo ní wáyà inú rẹ̀ lè gbiná, kí wọ́n lè dá a padà. Ẹlòmíì tiẹ̀ ti gbé tirẹ̀ síta gbangba sídìí pàǹtírí, inú òjò ni mo ti gbé e. Àwọn kan dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo wá mú un kúrò nílé àwọn. Bí mo ṣe ń kó wọn dé ni Mama ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ wọ́n, ó ń fi òróró pa wọ́n lára, ó ń tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì tó jẹ́ ti Fẹ́rànmí. Mo ṣebí Ìyèbíyè á dìde. Kò dìde. Mama gbé etí lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mirí. Ó ní igi lásán ni gbogbo èyí, ọmọ náà ti kúrò lára wọn, ó ti rí ibi tó wù ú.

Èyí tó kù wà ní Barnfield Estate.

Ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Phoebe ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Òyìnbó ni, ó ń dá gbé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Òórùn ọṣẹ ọmọ ló gba gbogbo pálọ̀ rẹ̀. Àtùpà náà wà lórí àga tó kọjú sí tirẹ̀, ó ti hun fìlà òwú dé e lórí. Ìrẹsì tí wọ́n fi mílíìkì sè wà nínú abọ́ kékeré níwájú rẹ̀, tòun ti síbí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó ń dán. Ẹnu tí mo gbẹ́ là sílẹ̀ gbàgà ti padé díẹ̀. Bátìrì rẹ̀ wà lórí tábìlì, níbi tí Phoebe yọ ọ́ sí, síbẹ̀ iná wà lójú rẹ̀.

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé ta ló kọ́ ọ ní gbogbo èyí. Ó ní kò sẹ́nìkan.

"Ó ń sunkún lọ́jọ́ tí mo gbé e délé. Mo wẹ̀ ẹ́, ó sì dákẹ́."

Mo ní mo wá gbé e lọ. Ó ní rárá. Mo jókòó, mo sọ ti Ìyèbíyè fún un, mo ní ọmọ mi ń kú lọ. Ó gbọ́ mi dópin. Omi lé sójú rẹ̀, ó fa àga àtùpà náà mọ́ra.

"Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀," ó ní, jẹ́jẹ́. "Àmọ́ látìgbà tí o ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ ló ti ń sọ nǹkan kan náà. Ó jọ pé èdè tiyín ni. Sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi. Tó bá ní òun fẹ́ bá ọ lọ, mi ò ní dá a dúró."

Ó tẹ́tí sí ẹnu àtùpà náà, ó wá ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e, díẹ̀ díẹ̀. Ahọ́n òyìnbó ni, àmọ́ mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete.

"Ẹ má jẹ́ kó mú mi lọ. Á tún mi tà."

Mo wo ojú ọmọ mi, iná ojú náà kò kúrò lára mi.

"Kí ló sọ?" Phoebe béèrè.

Ìyèbíyè wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé, ó ń gbẹ lọ. Kí lẹ̀yin ì bá sọ?

"Ó ní Daddy òun ti dé," mo ní.

Phoebe rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀lù ara rẹ̀ wé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n má gbàgbé, kò fẹ́ omi tó bá gbóná jù. Mo gbé e mọ́ àyà, mo sọ̀ kalẹ̀. Títí mo fi dé ìsàlẹ̀ ni mò ń gbọ́ ohùn kékeré kan nínú ṣọ́ọ̀lù náà, ó ń pe Phoebe. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Iwájú ṣẹ́ẹ̀tì mi ti tutù rinrin.

Kí n tó dé Thamesmead, Ṣaléwá ti pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún ayọ̀. Ìyèbíyè ti jókòó, ó ń béèrè búrẹ́dì. Ara rẹ̀ ti yá tán báyìí, ó ti padà sí ilé ìwé. Mama ní ká sin àwọn igi yòókù, a sin wọ́n. Mo ti ta ẹ̀rọ náà. Àtùpà kan ló wà nínú yàrá, Ṣaléwá ló ń wẹ̀ ẹ́, a ò jẹ́ kí pásítọ̀ gbọ́. Mi ò tíì lè padà lọ bá Phoebe. Mo ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn rẹ̀, mo sì ṣẹ́rí padà.

Lọ́sàn-án Sátidé tí mi ò bá wa bọ́ọ̀sì, mo máa ń jókòó sí pálọ̀, mo máa ń gbọ́ wọn nínú yàrá. Ọmọ méjì ni, wọ́n á máa gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ṣaléwá á kó aṣọ wọlé, ẹ̀rín náà á máa lọ. Mama á wọlé lọ gbàdúrà, ẹ̀rín náà á máa lọ. Tó bá di pé èmi ni mo dìde, tí mo rọra rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì á dákẹ́.