Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Àmì Orí Lẹ́tà

Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ àyà bí ìyá ọmọ tuntun, ó sì ti bọ́ aṣọ òjò ọrùn rẹ̀ fi bò ó láti orí dé ìdí. Òun fúnra rẹ̀ wá tutù bí adìẹ tó já sí kòtò. Omi ń kán ní irun rẹ̀, ó ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń kán ní ibòmíràn tí àgbà ò ní dárúkọ.

Fenna Ubben dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Nessersiel, abúlé etí òkun kan nílẹ̀ òyìnbó, níbi tó ti máa ń bá ará abúlé tún ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo Sátidé. Ó ń wò ó bó ṣe ń bọ̀ nínú ìjì. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ọkùnrin yìí ò gbọ́n. Ohun tó tẹ̀lé e ni pé, ẹni tó lè fi aṣọ bo irin báyìí, báwo ni yóò ṣe bo ènìyàn? Ara obìnrin kì í purọ́: etí rẹ̀ méjèèjì gbóná.

"Moin," ni ọkùnrin náà wí. Bí wọ́n ṣe ń kíra níbẹ̀ nìyẹn, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́.

"Moin. Kí ló ṣe é?"

"Kì í rí Wáìfáì. Ọjọ́ mẹ́wàá rèé. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti bú u, mo ti gbá a létí."

"Ṣé ẹ ti pa á, kẹ́ẹ tún tàn án?"

"Ó tó ìgbà ogún."

"Ẹ gbé e sórí tábìlì. Kẹ́ẹ sì nu ara yín, ẹ ti fẹ́ sọ ilẹ̀ pásítọ̀ di odò."

Fenna tan ẹ̀rọ náà. Ó fi Wáìfáì gbọ̀ngàn hàn án, ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà. Iná kékeré kan ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dúró gbọn-in. Kò pẹ́, ẹ̀rọ náà tẹ àwòrán ológbò kan jáde. Ọkùnrin náà wo ológbò, ó wo Fenna.

"Ẹ̀rọ yín ò ṣàìsàn," ni Fenna wí. "Ilé yín ló ń ṣàìsàn."

"Ṣé ẹ máa ń lọ wo aláìsàn nílé?"

"Ó dá lórí irú aláìsàn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ kan sì wọ́ díẹ̀, ó bá a mu. "Okko ni mò ń jẹ́. Okko Dirksen, darandaran orí òkìtì."

Ẹ̀rín kú mọ́ Fenna lẹ́nu.

Orúkọ yẹn ni baba rẹ̀ ti ń fi jẹun alẹ́ láti oṣù kan. Òkìtì eléwéko gígùn tó dá òkun dúró ní Nessersiel, àgùntàn ló ń jẹ koríko rẹ̀, tó sì ń fi pátákò tẹ ilẹ̀ rẹ̀ le. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni ẹgbẹ́ olókìtì ń yan darandaran kan fún un. Baba Okko ló ń da ẹran níbẹ̀ kó tó kú, Okko gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún mẹ́wàá sì ti pé. Ẹni tó bá tún fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mú fọ́ọ̀mù wá sí ọ́fíìsì, lórí bébà, pẹ̀lú ìfọwọ́sí bírò, kí aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ tó lù. Ọjọ́rú ni wọ́n yóò ka ẹran Okko tán, kí wọ́n tó fi fọ́ọ̀mù tirẹ̀ ránṣẹ́ lórí ímeèlì. Fọ́ọ̀mù á fi ímeèlì wá, kò sì gbọdọ̀ fi ímeèlì padà. Ẹ má bi mí nídìí rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń bá wọn gbé, n kò tíì mọ̀ ọ́n.

Bí Okko ò bá mú bébà yẹn wá, kò ní ilẹ̀ mìíràn. Ọ̀ọ́dúnrún àgùntàn ni yóò tà. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ti fi fọ́ọ̀mù tirẹ̀ sílẹ̀: Garrelt Ubben, baba Fenna.

"Garrelt Ubben ni bàbá mi," ni Fenna wí.

Okko bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ òjò bo ẹ̀rọ rẹ̀. "Ó yé mi. Ẹ ṣé fún ológbò."

"Ṣé mo ní mi ò ní wá ni? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin."

Nígbà tí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, Fenna dé ilé Okko lẹ́yìn òkìtì. Àgùntàn kan dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù bí onílé, ó ń jẹ ìbọ̀sẹ̀. Fenna pa àpótí Wáìfáì, ó kà dé ọgbọ̀n, ó tún un tàn. Ó gbé ẹ̀rọ sún mọ́ àpótí náà títí wọ́n fi fẹ́ máa fẹnu kora. Pàbó ni. Kọ̀ǹpútà rí Wáìfáì, fóònù rí i, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ló yarí.

"Páásìwọ́ọ̀dù ńkọ́?"

"Mo máa tẹ̀ ẹ́ fúnra mi," ni Okko sọ wàràwàrà. Ó kẹ̀yìn sí i, ó fi èjìká bo ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́. *Kò wọlé.*

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé o tẹ̀ ẹ́ re... pé ẹ tẹ̀ ẹ́ re?"

"Yé fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀, mi ò tíì hewú. Mo tẹ̀ ẹ́ re. Èmi ni mo yàn án nígbà tí wọ́n gbé àpótí tuntun wá."

"Okùn tó máa so ó mọ́ kọ̀ǹpútà dà?"

Okko tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. "Ó ti jẹ ẹ́."

Wọ́n mu tíì, ife mẹ́ta mẹ́ta, bí wọ́n ṣe ń mu ún níbẹ̀. Okko sọ fún un bí baba rẹ̀ ṣe kú lórí òkìtì, tí ajá jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Fenna sọ fún un bí òun ṣe padà sílé láti ìlú ńlá nígbà tí ìyá òun kú, kí baba òun má bàa dá gbé ilé. Ìka wọn pàdé níbi àwo ṣúgà. Kò sẹ́ni tó tètè gbé tirẹ̀ kúrò.

"Bó ò bá padà wá, mi ò ní bínú," ni Okko wí lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá ẹni ni bàbá ẹni."

"Ta ló ní mi ò ní padà wá?"

Ògiri létí. Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ dé etí baba. Nídìí oúnjẹ ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Garrelt Ubben gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Wọ́n ní ò ń bá ọmọ Dirksen tún pírńtà ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Wọn ò ní tẹ ìwé ẹ̀ lábẹ́ òrùlé mi."

"Mi ò bẹ̀ yín."

"Tó o bá fi í sílẹ̀ kó jókòó sílé ẹ̀, tèmi ni òkìtì. Ogún ọdún ni mo ti ń fojú sọ́nà fún un. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ohun tí mo bá bẹ̀rẹ̀, kí n parí ẹ̀."

"Mi ò kọ́ ẹ kó o fi parí mi!"

Omi dé ojú Fenna, kò jẹ́ kó bọ́. "Mo máa lọ lọ́la, Bàbá. Mi ò fẹ́ yọ́ lọ. Ẹnu mi ni mo fẹ́ kẹ́ẹ ti gbọ́ ọ." Baba rẹ̀ gbé fìlà, ó jáde láìjẹun tán.

Okko ti pinnu pé Ọjọ́bọ̀ lòun yóò lọ tẹ ìwé náà nílùú. Ṣùgbọ́n ẹran ò ka kàlẹ́ńdà: àgùntàn mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ ọ̀kan sì ń fi ẹsẹ̀ jáde. Ìgbà tó máa bọ́ lọ́wọ́ wọn, aago mẹ́wàá ààbọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ti lù. Ilé ìkàwé ìlú, aago méjì ló ń ṣí. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wà ní títì, pásítọ̀ ti mú kọ́kọ́rọ́ rìnrìn àjò. Fenna mú okùn méjì wá láti ilé. Ẹnu wọn ò bá ihò ẹ̀rọ mu.

Wọ́n tún pa á, wọ́n tún tàn án. *Kò wọlé. Kò wọlé.* Ọ́fíìsì jìnnà tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọkọ̀.

"Okko. Páásìwọ́ọ̀dù."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá o tẹ̀ ẹ́. Kí ni?"

"Ohun ìkọ̀kọ̀ ni."

"Aago mọ́kànlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú, o fẹ́ pàdánù ọ̀ọ́dúnrún ẹran, ò ń pa ìkọ̀kọ̀ mọ́! Kí ni?"

Okko pọ́n láti ọrùn dé etí. Ó wo ilẹ̀. "Meine Süße," ni ó sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Olóyinmọmọ mi ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ Fenna dúró lófuurufú.

"Okko, kì í ṣe ìgbà eré nìyí. Tọ́jọ́ bá tó, wàá pè mí bẹ́ẹ̀, màá sì jẹ́ ẹ. Kí ni páásìwọ́ọ̀dù?"

"Òun náà nìyẹn. Orúkọ... orúkọ ìyẹn ni." Ó nàka sí àgùntàn ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Àgùntàn náà gbójú sókè, ó jẹ́: "Mẹ̀ẹ́."

Ìtìjú bo Fenna, ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

"Tọ́jọ́ bá tó?" ni Okko béèrè.

"Dákẹ́ ẹnu ẹ. Tẹ̀ ẹ́ kí n rí i."

Okko tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: M, e, i, n, e. Ó tẹ S. Ó tẹ u, ó tẹ e lé e...

"Dúró! Kí ló dé tó o fi tẹ u àti e? Àmì méjì ló wà lórí ü yẹn."

"Ẹ̀rọ yìí ò ní in. Bí a kò bá ní in, ṣebí ue la máa ń kọ? Ká sì fi ss dípò ß. Gbogbo ènìyàn ló yé."

"Ó yé ènìyàn. Kò yé ẹ̀rọ!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á kò nílò àlàyé. Ẹni tó bá kọ 'oko' láìfi àmì sí i, ṣé ibi tí bàbá ti ń kọ ebè ni, àbí ohun tí bàbá fi ń bímọ? Èmi gan-an ti kọ̀wé sí àgbà ìjọ kan rí pé mo gbádùn oko rẹ̀ gan-an, n kò fàmì sí i. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ ka lẹ́tà náà. Kò kí mi fún ọdún kan.

Fenna fò sídìí kọ̀ǹpútà. Ó wọ inú àpótí Wáìfáì, ó pa olóyinmọmọ rẹ́, ó fi lẹ́tà lásán kọ 'kíákíá' lédè wọn lẹ́ẹ̀mejì. Lójú ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ já kúrò lórí Wáìfáì. Okko di orí mú. "O ti pa gbogbo ẹ̀!" Fenna tún kọ̀ǹpútà so, ó wá tẹ ọ̀rọ̀ tuntun náà sára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Iná ṣẹ́jú. Ó ṣẹ́jú. Ó dúró.

Bébà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọba ń yan. Aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

Fenna ló wakọ̀. Okko ń fọwọ́ síwèé lórí itan, ó ń fọwọ́ sí i bí ọkọ̀ ṣe ń mì jìgìjìgì. Nígbà tí wọ́n já wọ ọ́fíìsì, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù. Garrelt Ubben jókòó sábẹ́ aago ògiri, fìlà lórí orúnkún. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ò gbójú kúrò.

Okko tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì níwájú Ìyáàfin Tammen, akọ̀wé. Obìnrin yìí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé ohun kan kù. Ohun tó bá kù ni yóò fi kọ̀ ìwé náà. Ó ń ka ojú ìwé wò, ó ń fi ìka tẹ ìfọwọ́sí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà ti tẹ tojú tẹ̀yìn. Ojú nìkan ni Okko fọwọ́ sí.

Láti ibi tí Garrelt jókòó sí, ó rí i nígbà tí akọ̀wé gbé ìwé kejì sókè síbi ìmọ́lẹ̀: ìlà òfìfo kan ní ẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú méjì. Kó ṣáà dákẹ́ ni. Fenna rí i pé ojú baba òun yí padà, kò mọ ohun tó fà á.

"Ọmọ Dirksen," ni Garrelt pè. "Yí i padà."

"Ẹ ní kí ni, Bàbá?"

"Ẹ̀yìn ìwé kejì! O ò fọwọ́ sí ẹ̀yìn! Ṣé èmi ni kí n bá ẹ fọwọ́ sí i?"

Okko gba ìwé, ó yí i, ó fọwọ́ sí i. Ìyáàfin Tammen gbé òǹtẹ̀ sókè, ó lù ú. Aago náà lù tẹ̀lé e.

Níta, Fenna di apá baba rẹ̀ mú. "Bàbá, kí ló dé?"

"Àgùntàn mi ni mo fẹ́ fi borí ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí pírńtà bá mi borí ẹnikẹ́ni." Ó dé fìlà rẹ̀. "Ìwọ sì sọ tìẹ fún mi lójú. Ẹni tó bá sọ fúnni lójú, èèyàn ò gbọdọ̀ dákẹ́ pa á lẹ́yìn."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹgbẹ́ olókìtì kọ̀wé: Okko Dirksen ni. Garrelt Ubben ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Okko náà ò lè wá. Báwo lèèyàn ṣe ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹni téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́? Fenna ò sùn dáadáa. Ní ọjọ́ karùn-ún, baba rẹ̀ pè é: "Wọ bàtà. A ń lọ síbì kan."

Ọkọ̀ ẹran ni wọ́n gbé dé ilé Okko. Àgbò kan wà nínú rẹ̀, tó tóbi bí àga ìjókòó olóyè, tó ń fi ìwo gbá irin.

"Àgbò tìẹ ti darúgbó," ni Garrelt sọ láìkíni. "Mo rí i lórí òkìtì, ó ń wo abo bí ẹni ń wo ìròyìn. Gba eléyìí."

"Bàbá, kò yẹ kí n gbà á lọ́wọ́ yín."

"Mi ò kì í fún àjèjì lẹ́ran. Ṣó yé ẹ, àbí kí n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà?"

Ó yé Okko. Ó yíjú sí Fenna. "Fenna, mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ."

"Mo mọ̀."

"Ṣé wàá wá máa gbé ibí?"

"Lọ́dọ̀ àgbò yẹn ni, àbí lọ́dọ̀ ẹ?"

"Lọ́dọ̀ mi. Títí ikú á fi yà wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Fenna wí. "Bẹ́ẹ̀ ni, Okko."

"Ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ o!" ni Garrelt kígbe. "Ẹran yìí ò lè dúró de ìfẹ́ yín!"

Wọ́n ṣí i. Àgbò gbóòórùn abo lókè, ó fò jáde, ó gbá a yá. Garrelt Ubben di okùn mú, kò jẹ́ kó já, àgbò sì ń wọ́ ọ gun òkìtì tí kò rí gbà, ó ń ṣépè, ó ń rẹ́rìn-ín, fìlà rẹ̀ ti ṣí dànù. Fenna fi ọwọ́ sínú ọwọ́ Okko, àwọn méjèèjì sì sáré gun òkè tẹ̀lé e.