Táyà Rírọ̀ Kì í Gbọ́ Ti Bíréèkì

Láràárọ̀, bí oòrùn bá ti kan fèrèsé, Ìyá Aránṣọ á ní kí ọkọ òun bá òun fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe oòrùn ló fẹ́ rí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ló ń wò. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ wà ní títì látìgbà tí àìsàn ọ̀pá ẹ̀yìn ti gba agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Eruku á ti bo tábìlì ìgéṣọ mi," ló máa ń sọ.

"Mo nù ún láná," ni ọkọ rẹ̀ á dáhùn.

"Nínù kọ́ ni mo ń wí. Gígé aṣọ lórí ẹ̀ ni."

Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkọ rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Rọra, torí pé ohun tó máa ń wí fún ọ̀nà náà nìyẹn bó bá ń wakọ̀ lọ: rọra, rọra. Kò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n kò da ẹrù ẹnikẹ́ni nù rí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ìyẹn ló gbà gbọ́. Àmọ́ látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti jábọ́ lórí àga, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá húkọ́ ní yàrá, Rọra á ti dé ibẹ̀ kí ikọ́ náà tó tán.

Bí ìjábọ́ ọ̀hún ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ilé ìwòsàn fún Ìyá Aránṣọ ní àga onítáyà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ kúrò lórí àga bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fa bíréèkì ọ̀tún, ó fa tòsì, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe dún kọ́. Ó wá fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè. Ni àga bá yọ́ sẹ́yìn bí olè, ìyá bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì wú.

Ọjọ́ náà gan-an ni Rọra ká àga pọ̀, tó fi okùn tó fi ń di ẹrù dì í gbagidi, tó sì gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀yìn ló fi ń pọn ìyàwó rẹ̀ káàkiri. Balùwẹ̀, ẹ̀yìn. Fàráńdà, ẹ̀yìn. Onígbàjámọ̀ tó múlé ti ṣọ́ọ̀bù ìyá rí wọn lọ́jọ́ kan, ó ní, "Rọra, ìwọ náà ti wá di ọkọ̀ akẹ́rù ni?"

"Ẹrù ara mi ni mo gbé. Kò tíì wúwo."

"Ṣáà máa fọn fèrè tó o bá fẹ́ yà."

Ìyá Aránṣọ bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wọlé tán, ó ní, "Bàbá wa, ẹ̀yìn yín tù mí lára, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ó ń wù mí kí n dé ibì kan kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé mo fẹ́ lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Rọra lára. Òun náà ní ohun tó ń wù ú, kò kàn lẹ́nu tó lè fi sọ ọ́ ni. Láyé àtijọ́, bó bá ti ìrìn àjò dé, ìyàwó rẹ̀ á wà ní ìdúró nídìí tábìlì, téèpù á wà lọ́rùn rẹ̀, á fi àlùmọ́gàjí juwọ́ sí i. Ìdúró yẹn ni ojú rẹ̀ ń wá. Ṣùgbọ́n bó bá ti rántí àga ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ìbẹ̀rù á tún dí i lọ́nà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn ni kó máa kọ́ àwọn tí àìsàn gba agbára ara wọn bí wọ́n ṣe máa tún ara lò. Àwọn aláìsàn ń pè é ní Tíṣà Ẹsẹ̀.

"Ẹ kú ilé o. Ìyá, ẹ kú ìjókòó. Àga wa dà?"

Rọra fi ẹnu júwe ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Tíṣà wo okùn tí wọ́n fi dì í.

"Kí ló jí?"

"Ó da ìyàwó mi nù," ni Rọra fèsì. "Bíréèkì rẹ̀ ò mú. Mo mọ bíréèkì, Tíṣà. Iṣẹ́ mi ni."

"Mo gbà. Ẹ jẹ́ ká tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ ká gbọ́ tẹnu ẹ̀ náà."

Ó tú u, ó ṣí i, ó fa bíréèkì méjèèjì, ó wá fi ọwọ́ kan tì í. Àga ń yí lọ. Rọra mi orí, bí ẹni pé, ṣé ẹ rí i? Tíṣà bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ táyà ńlá. Àtàǹpàkò wọlé bí ẹni tẹ búrẹ́dì.

"Ta ló tú afẹ́fẹ́ táyà yìí sílẹ̀?"

"Èmi ni," ni Rọra wí, ó tiẹ̀ na ara rẹ̀ ró. "Ọgbọ́n awakọ̀ nìyẹn. Tá a bá gbé ẹyin, tí ọ̀nà ò sì dáa, a máa ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ kí ọkọ̀ má baà gbọn ẹrù. Ọjọ́ tí àga yìí dé, mo tì í lórí sìmẹ́ǹtì ìta, ó ń gbọn ìyàwó mi jìgìjìgì. Ni mo bá dín afẹ́fẹ́ ẹ̀ kù. Ó sì rọ̀ bíi tìmùtìmù."

"Bàbá, bíréèkì ọkọ̀ yín, ṣé táyà ló ń dì mú?"

"Rárá. Inú lọ́hùn-ún ló wà. Irin ló ń di irin mú. Kò kan táyà."

"Ó dáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wo tibí."

Rọra bẹ̀rẹ̀. Tíṣà fa bíréèkì. Irin kékeré kan yọ síwájú, ó lọ fi orí kan táyà. Ṣùgbọ́n táyà ti sún kì. Irin náà kàn fọwọ́ bà á bí ẹni tó ń kí àlejò ni.

"Táyà gan-an ni bíréèkì àga yìí ń tẹ̀ mọ́lẹ̀," ni Tíṣà wí. "Bí táyà bá rọ̀, kò rí nǹkan kan dì mú. Ẹ gbọ́ tó dún kọ́, ẹ rò pé ó ti há. Kò há."

Rọra wo táyà, ó wo ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ tẹ táyà náà wò.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹyin lẹ wá kà mí sí, Bàbá wa?"

"Ẹyin ni mo kà ọ́ sí."

"Ẹyin tó ti pẹ́ tó yìí lábẹ́ yín, ṣé kò yẹ kó ti pa?"

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, ó sì ní kí Rọra lọ gbé pọ́ǹpù wá. Ó fi nọ́ńbà tó wà lára táyà hàn án, pé bí afẹ́fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó ló wà níbẹ̀, kó má ṣe kọjá rẹ̀. Wọ́n fún táyà ní afẹ́fẹ́ títí àtàǹpàkò kò fi wọlé mọ́. Wọ́n fa bíréèkì. Apá ọ̀tún di mú ṣinṣin. Apá òsì ṣì ń yọ̀ díẹ̀.

"Ẹ mú sípánà. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tù yìí, ẹ sún bíréèkì náà mọ́ táyà díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un dè dáadáa."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Rọra lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó dè é tán, tó ti àga, àga kò mira.

Wọ́n gbé ìyá sórí rẹ̀. Tíṣà tún rí i pé pátákó tó ń gbé ẹsẹ̀ lé ti ga jù. Orúnkún ìyá yọ sókè, gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ sì wà lórí ìdí nìkan. Wọ́n rẹ pátákó náà sílẹ̀ títí itan rẹ̀ fi tẹ́ lórí ìjókòó, síbẹ̀ tí pátákó náà kò súnmọ́ ilẹ̀ débi tó máa fi kọ́ òkúta.

"Ìyá, kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí àga tàbí kẹ́ ẹ tó kúrò lórí ẹ̀, ẹ fa bíréèkì méjèèjì, ẹ mi àga wò, kẹ́ ẹ sì ká pátákó ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ dìde láéláé, àga á dojú dé. Ẹ sì máa fi ọwọ́ gbé ìdí yín sókè lóòrèkóòrè. Ara tí kò mọ̀ pé òun ti jókòó pẹ́, ó lè di egbò kẹ́ ẹ tó mọ̀."

"Mo gbọ́."

"Ó dáa. Níbo lẹ ń lọ?"

Ìyá wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú fèrèsé.

"Kì í ṣe òní," ni Rọra sọ kíákíá. "Ọ̀nà yẹn, àwọn ọlọ́kadà ò ríran. Ìta wa tún da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́."

"Bàbá wa," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ wá bá mi dé ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Ibẹ̀ nìkan."

Rọra di àga mú, ó fẹ́ dojú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀. Tíṣà dá a dúró. "Ibi tó bá da gẹ̀rẹ́ báyìí, ẹ̀yìn là ń fi sọ̀. Ẹ yí i padà, kí ẹ̀yin wà nísàlẹ̀, kí ìwọ̀n ẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ má sì fa bíréèkì nígbà tó bá ń yí lọ. Tìdúró ni bíréèkì yìí."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Rọra ń fi ẹ̀yìn rìn, ó sì ń wí fún ara rẹ̀ pé rọra, rọra. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ tó tẹ́jú, wọ́n yí àga padà. Ìyá Aránṣọ ká etí aṣọ rẹ̀ sábẹ́ itan kí táyà má baà fà á.

"Ẹ fi mí sílẹ̀."

Ọwọ́ Rọra kò kọ́kọ́ gbọ́. Ìka rẹ̀ ń ṣí kúrò lára àga bí ìgbà tí èèyàn bá ń já ẹ̀gún lára aṣọ. Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó dúró kí ọkọ̀ kan kọjá, ó sì yí táyà. Onígbàjámọ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí oníbàárà rẹ̀, ó ń wò. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyá ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Nígbà tí Rọra fi máa sá dé ibẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti wà nídìí tábìlì, bíréèkì méjèèjì ti há. Àmọ́ kò gbé àlùmọ́gàjí. Ó gbójú sókè, ó ń wo etí tábìlì náà tó ga dé àyà rẹ̀.

"Ẹni tó dúró ni wọ́n kan án fún," ló sọ.

Rọra wo ẹsẹ̀ tábìlì. Ó rí ibi tí ayùn máa gbà. "Màá bá ọ gé e sílẹ̀. Kò le."

"Ẹ máa gé e lọ́la." Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi wọ́n lé orí pákó náà. "Ẹ jẹ́ kí n wò ó báyìí ná."

Rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, àwọn méjèèjì sì jọ ń wò ó. Lọ́jọ́ kejì, ó gé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó ń lo àga onítáyà nílé, ẹ má fi ìfẹ́ nìkan tọ́jú àga náà. Ẹ máa tẹ táyà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó le dáadáa. Bó bá jẹ́ táyà ni bíréèkì rẹ̀ ń tẹ̀, afẹ́fẹ́ tó dín kù lè mú kí àga yọ̀. Pé bíréèkì dún kọ́ kò tó ẹ̀rí, àfi kẹ́ ẹ mi àga wò. Ẹ má fi ẹrù tó wúwo kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, torí ó lè fà á ṣubú sẹ́yìn. Ẹ máa yẹ ìdí àti ẹ̀yìn ẹni náà wò lójoojúmọ́, ibi tí àwọ̀ bá ti yí padà, kó má jókòó lé e. Bí àga bá sì da èèyàn nù, ẹ má fi okùn dì í. Ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn, kí wọ́n wá bá yín wò ó.

Ẹ sì bi ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ léèrè ibi tó ń wù ú láti lọ. Títí tó fi máa gbé e dé ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi tún àga náà ṣe.