Aṣọ Nọ́ńbà Mẹ́sàn-án

Ọkùnrin náà gba àárín pápá kọjá ní ọ̀sán gangan, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́, òkìtì aṣọ bọ́ọ̀lù léjìká, eruku pupa ìlú Idigny sì ti kùn ún dé orúnkún. Rachidatou gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ẹni náà ga, ó dúdú, ó sì ń rìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò sí ohun tó ṣe bàtà rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa ọmọbìnrin náà, ó gbé e mì, nítorí oníbàárà ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Làmídì ni mò ń jẹ́. Èmi ni kóòṣì tuntun."

"Ẹ káàbọ̀, Mùsíyé. Bàtà yín ńkọ́?"

"Ó ti kú lọ́nà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn alààyè." Ó fa aṣọ kan yọ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. "Ẹ bá mi dín in kù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹni tó máa wọ̀ ọ́ kò sanra."

Rachidatou yí aṣọ náà padà, ó rí nọ́ńbà mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rán nọ́ńbà yẹn mọ́ ọn. Òun náà ló lẹ aṣọ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ikùn ẹni tó ni ín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ní gbogbo Idigny, ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọ aṣọ yẹn, Gaston ni.

Ẹni tí kò bá mọ Gaston, àlejò ni. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ń gun zẹ́mìjàn láàárín Idigny àti Kétu, ó ń fi alùpùpù gbé èrò. Lọ́jọ́ keje, agbábọ́ọ̀lù iwájú ni. Fofó Gaston ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó ń wòran ń pè é ní Ìṣẹ́jú-Kan, torí pé ìgbà tó bá ku ìṣẹ́jú kan, tí àwọn aláìnísùúrù ti ń wá ọ̀nà ilé, ìgbà náà ló máa ń rántí pé bọ́ọ̀lù ni òun wá gbá. Lọ́dún tó gbá méjì sáwọ̀n Kétu, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n sọ ní Gaston, ọ̀kan sì jẹ́ ọmọ lèmọ́mù. Ní báyìí ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì, ó ń sáré bí ẹni tó gbé omi gbígbóná, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́?

"Ta ni ẹni tí kò sanra yẹn?"

"Judicaël."

"Ọmọ ilé-ìwé!" Rachidatou ká aṣọ náà, ó jù ú padà sí i láyà. "Mùsíyé, ẹ gbé aṣọ yín. Ẹ̀rọ tèmi kì í rán ọ̀tẹ̀."

"Ó dáa," ni Làmídì wí, kò bínú rárá. "Ẹ wá bá mi rán bàtà."

Rachidatou rán an. Títí di òní kò mọ ohun tó mú un rán an.

Ohun tí àlejò náà kò mọ̀ ni pé nínú gbogbo télọ̀ tó wà láti ibẹ̀ dé Kétu, ọ̀dọ̀ ọmọ Baba Aboubakar, pìrẹ́sídáǹ àwọn olólùfẹ́ Gaston, ló gbé aṣọ Gaston lọ. Kí wọ́n tó kírun alẹ́, àwọn tó wà lóko pàápàá ti gbọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kàfé Rosalie kún fọ́fọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dín ẹyin, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́ bọ́ọ̀lù. Làmídì kò sá. Ó wọlé, ó kí àgbà, ó jókòó, ó ní kí wọ́n dín ẹyin méjì fún òun.

"Ẹni tí baba rẹ̀ ti Nàìjíríà wá ta aṣọ ní Kétu," ni Baba Aboubakar ń wí, "òun ni yóò wá kọ́ wa ní Gaston? Jàmẹ́! Kò ní ṣẹlẹ̀ láé!"

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Kétu ni wọ́n bí mi sí. Mi ò sì sọ pé Gaston ò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Mo ní kì í sáré padà."

"Kí ló fẹ́ padà wá ṣe?" ni ọlọ́kadà kan bi í. "Ṣé ẹ̀yìn ni àwọ̀n àwọn ọ̀tá wà?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Rachidatou, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbọ́wọ́ lé ìbàdí. "Lọ́dún tó kọjá, góòlù mọ́kànlá la gbá. Mẹ́jọ jẹ́ ti Fofó Gaston. Ẹ fi ìyẹn mu kọfí yín, Mùsíyé."

"Mo ti fi mu ún. Mélòó ni wọ́n gbá wọlé wa?"

Kò sẹ́ni tó ka ìyẹn.

"Mẹ́tàdínlógún," ni Làmídì wí. "Ẹni mẹ́wàá ń jà, ẹnì kan ń dúró de ìṣẹ́jú kan. Mo ní kó wá gba ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, kó gbá a bó ṣe wù ú. Ó kọ̀."

"Kí ló dé tí mi ò ní kọ̀?" Gaston fúnra rẹ̀ ló fèsì láti orí alùpùpù rẹ̀ níta. "Ṣé iyọ̀ ni mí, tí wọ́n máa bù sọ́bẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná?"

Ariwo sọ. Rachidatou ló pariwo jù, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, mẹ́tàdínlógún yẹn kò jẹ́ kó rí iṣẹ́ ṣe.

Làmídì kò wá télọ̀ mìíràn. Ó gbé aṣọ náà padà wá, Rachidatou lé e. Ó tún gbé e wá, ó tún lé e, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ fún un lómi. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, àpótí tó ń jókòó lé ti wà lẹ́nu ọ̀nà dè é.

"Pìrẹ́sídáǹ mi, ẹ kú ọ̀sán."

"Bàbá mi ni pìrẹ́sídáǹ."

"Bàbá ló jókòó sórí àga. Ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Lọ́jọ́ Àìkú, a máa bá Odomẹ̀ta gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́ nílùú wọn. N óò jẹ́ kí Gaston bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú abẹ́rẹ́ dání. Ìgbàkúùgbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kò lé e, ẹ gún ọ̀kan mọ́ tìmùtìmù abẹ́rẹ́ yín."

Rachidatou gbà, ó rò pé òun yóò fi dójú tì í. Lọ́jọ́ náà, abẹ́rẹ́ mẹ́tàlélógún ló gún. Inú ń bí i sí Gaston, sí Làmídì, àti sí abẹ́rẹ́. Odomẹ̀ta ti fi góòlù mẹ́ta sí méjì síwájú nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, ni Gaston bá fi àyà gba bọ́ọ̀lù, ó yí ikùn rẹ̀ ká, ó sì gbá a wọ igun àwọ̀n. Gbogbo ará Idigny ya wọ pápá. Ìyá àgbà kan tó fi ọ̀pá rìn wá sọ ọ̀pá nù, ó ń jó. Rachidatou náà ti wà láàárín wọn, tìmùtìmù ti já bọ́.

"Mẹ́tàlélógún," ni Làmídì wí nígbà tó rí i. Òun náà ti ń kà á.

"Góòlù kan! Ṣé ẹ rí ìyá yẹn? Abẹ́rẹ́ wo lẹ fẹ́ fi ka ìyẹn?"

Làmídì gbé tìmùtìmù nílẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́.

Lórí alùpùpù Làmídì ni Rachidatou bá padà sílé. Ṣéènì já láàárín oko àgbàdo. Làmídì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tún un ṣe, gírísì kun ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, láìgbójú sókè ló sì sọ ọ́.

"Mo nífẹ̀ẹ́ yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mò ń sọ o."

Inú Rachidatou dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi bínú sí ara rẹ̀. "Ẹ ṣì ń ṣàṣìṣe lórí Gaston."

"Mo mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ máa sọ nìyẹn."

Ó na ìborùn rẹ̀ sí i. "Nu ọwọ́ rẹ," ni ó wí. Kò tíì pè é ní ìwọ rí. "Nu ọwọ́ rẹ dáadáa kó o tó dì mí mú."

Àṣírí ìfẹ́ kì í pẹ́ ní Idigny. Nígbà tí àwọn àgbà ilé Làmídì ránṣẹ́ láti Kétu pé àwọn ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ, Baba Aboubakar lọ dúró ní kàfé Rosalie níṣojú gbogbo ènìyàn, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n. "Bí Gaston bá bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá pẹ̀lú Kétu, kí wọ́n gbé obì wá lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá bẹ̀rẹ̀, mi ò ní gba obì lọ́wọ́ Làmídì, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀ kankan, láéláé!"

Ẹ gbọ́ o. Bàbá kan fi ọmọ rẹ̀ pààrọ̀ ipò agbábọ́ọ̀lù iwájú, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, Làmídì mú ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ àwọn tó máa gbá ló wà níbẹ̀. Rachidatou kà á títí dé nọ́ńbà mẹ́sàn-án: Gaston.

"Kí lèyí?"

"Mi ò lè pàdánù rẹ, ààyò mi."

"Ìwọ kọ́ lo kọ ìwé yìí. Bàbá mi ló kọ ọ́." Ó ti ìwé náà padà sí i. "Gbọ́, Làmídì. Láti ọmọ ọdún méjìlá ni mo ti ń pariwo Gaston, n óò sì pariwo rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ó wù mí kó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó o bá fi í síbẹ̀ nítorí mi, mi ò fẹ́ ọ mọ́. Ọkùnrin tó dá jókòó nínú kàfé yẹn tó ní mẹ́tàdínlógún, òun ni mo fẹ́."

"Bàbá rẹ ti búra."

"Kí ó máa búra. Gbé aṣọ yẹn wá."

Ó tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ nọ́ńbà mẹ́sàn-án, ó gé èyí tó pọ̀ jù, ó sì dín in kù sí ara Judicaël. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ bó ti ń tẹ ẹ̀rọ, kò dúró nù ún.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, nígbà tí Judicaël jáde nínú aṣọ tó bá a mu rẹ́gí, Baba Aboubakar dá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mọ̀ lára òwú ìránṣọ. Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pákó.

Judicaël sáré bí ehoro, ó gbá bọ́ọ̀lù ba irin òkè àwọ̀n, ó tún padà wá gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn. Síbẹ̀ Kétu ló gbá góòlù wọlé. "Ìṣẹ́jú-Kan! Ìṣẹ́jú-Kan!" ni gbogbo pápá ń ké. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú, Làmídì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Gaston tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ní kó wọ pápá. Gaston ká ọwọ́ lérí àyà, ó wo ibòmíràn.

Rachidatou dìde. Ó kúrò lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó yí pápá ká níṣojú gbogbo ìlú, ó sì jókòó ti Gaston.

"Fofó, èmi ni mo dín aṣọ yín kù."

"Ìwọ!"

"Èmi ni. Ẹ bínú sí mi lọ́la. Lónìí, ẹ lọ bínú sí Kétu."

Gaston mí kanlẹ̀, ó wọ aṣọ nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún tí kò bo ìdodo rẹ̀, ó sì wọ pápá. Ilẹ̀ mì. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ó gbá a, bọ́ọ̀lù ba irin, ó padà. Rẹfirí fọn fèrè. Kétu gba ife ẹ̀yẹ.

Wọ́n hó lé Làmídì lórí. Wọ́n ń sọ ọ̀rá omi lù ú. Rachidatou kò dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó fa ọkùnrin rẹ̀ jókòó, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú kí gbogbo wọn lè rí i. Baba Aboubakar kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó lọ sílé.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá jẹ oúnjẹ ọmọ rẹ̀, kò bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ náà kò bẹ̀bẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, alùpùpù kan dúró níwájú ilé. Gaston ló wọlé, ó gbé abọ́ obì dání. Làmídì dúró lẹ́yìn ọgbà.

"Bàbá, òdòdó kan ni mo wá tọrọ."

Ẹnu ya Baba Aboubakar. "Fún ẹni tó gbé ọ sórí bẹ́ǹṣì?"

"Òun náà ni. Láti ọdún mẹ́ta ni orúnkún ti ń dùn mí. Gbogbo yín ń rí i pé mò ń tiro, orin lẹ ń kọ fún mi. Òun nìkan ló wo ojú mi tó ní mi ò lè sáré mọ́. Mo kórìíra rẹ̀ fún un. Mo ṣì kórìíra rẹ̀ díẹ̀."

"Mo ti búra, Gaston."

"Ẹ búra pé ẹ ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. Ṣé ẹbí rẹ̀ ni mí? Èmi ni mo ra obì yìí. Bí ẹ bá lè kọ obì Gaston, ẹ kọ ọ́."

Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú lókè ọgbà. Baba Aboubakar wo abọ́, ó wo wọn, ó wá pe ọmọ rẹ̀, nítorí a kì í gba obì láìbi ọmọ.

"Ṣé ká gbà á?" Ó bi í bí ẹni tó ń retí kó sọ pé rárá.

Rachidatou kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹrí ba. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí gbogbo ayé bá ń hó lé ẹni tí mo fẹ́ràn lórí, ìgbà náà gan-an ni kí n dúró tì í. Làmídì ṣàṣìṣe. Ó yẹ kí Fofó Gaston bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni n óò máa sọ ọ́ fún un, nínú ilé tiwa. Ẹ gbà á."

"Mi ò ṣàṣìṣe!" ni ohùn kan wí lẹ́yìn ọgbà.

Baba Aboubakar mú obì kan, ó là á. Ó fún Gaston ní awẹ́ kan, ó fún ọmọ rẹ̀ ní ìkan, ó sì kọjú sí ọgbà pẹ̀lú èyí tó kù.

"Ìwọ yẹn, wọlé wá jẹ obì, ká wá parí ìjà yẹn nínú ilé."

Rachidatou ti sáré lọ ṣílẹ̀kùn.