Tanwíjí Inú Ìkòkò Ìyá Àgbà

"Ẹ wá wò ó! Ẹ wá wo nǹkan tí Bàbá Rùfáì ń sìn bí ẹni ń sin adìẹ!"

Hidayat ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lójú títì wọn ní Ìkòsì, láàárọ̀ Sátidé kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ó gbé táyà àlòkù kan dání, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí omi inú rẹ̀. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín ń jó lọ jó bọ̀ nínú omi náà. Faridah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá Rùfáì, fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní iwájú ilé kejì sí tiwọn, dìde lórí àpótí rẹ̀. "Hidayat, rọra, ọmọ mi. Mo máa dà á nù."

"Ohun tí ẹ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá náà nìyẹn, sà!"

Kí ọkùnrin náà tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Hidayat ti yọ fóònù, ó ti ya táyà, ó ti ya Bàbá Rùfáì fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ti jù ú sórí wásáàpù àdúgbò. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀fọn rèé o!" Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo àdúgbò ti ń fi Bàbá Rùfáì ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin náà kàn tẹrí ba sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ má tíì bínú sí ọmọ náà. Olórí Ẹgbẹ́ Ìmọ́tótó ni ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, ohun tó ń sọ sì yé e. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ti kọ́ wọn pé abo ẹ̀fọn ló ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹyin tó fẹ́ yé. Orí omi tó dúró sójú kan ló ń yé e sí. Ẹyin á di tanwíjí, tanwíjí á di ẹ̀fọn, kò sì gbà ju bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. "Ẹ máa wo bó ṣe dúró," ni olùkọ́ wí. "Èyí tó bá dorí kodò, ìyọnu ni. Ṣùgbọ́n èyí tó bá sùn gbalaja lójú omi, ẹ ṣọ́ra fún un o! Òun ló ń di ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri." Àwọn wolé-wolé wá ṣètò pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bójú tó àdúgbò tirẹ̀. Ẹni tí àdúgbò rẹ̀ bá mọ́ jù lọ, wọ́n á fi báàjì sí i láyà níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Báàjì yẹn wu Hidayat ju oúnjẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Lẹ́yìn ilé tiwọn, lábẹ́ fèrèsé, ìkòkò ńlá kan wà níbẹ̀. Ìyá Àgbà ló ni ín. Màmá Hidayat ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn olówó kan ní Magodo, òpin oṣù nìkan ló ń wálé, nítorí náà Ìyá Àgbà ló ń tọ́jú Hidayat àti Mutolib, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà. Láti Ìsẹ́yìn ni ìyá náà ti gbé àṣà rẹ̀ wá sí Èkó: bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ lọ́dún, á gbe omi rẹ̀ sínú ìkòkò, á fi apẹ̀rẹ̀ bò ó, á máa bù ú fi se àgbo díẹ̀díẹ̀. Bí ooru bá sú sí Mutolib lára, omi àkọ́rọ̀ yẹn náà ló fi ń wẹ̀ ẹ́.

Ní Sátidé yẹn kan náà, Hidayat ṣí apẹ̀rẹ̀ náà. Tanwíjí ni, wọ́n sùn gbalaja lójú omi!

"Ìyá Àgbà, àwọn nǹkan kan wà nínú omi yìí, mà."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Ẹran omi nìyẹn. Omi tí nǹkan ẹlẹ́mìí bá ń gbé inú rẹ̀, kò ní májèlé. Asẹ́ ni mo fi ń sẹ́ ẹ. Má bá mi dà á nù o, òjò àkọ́rọ̀ kì í rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún."

Hidayat rò ó wò. Bí òun bá ta kò ó, wọ́n á jiyàn. Bí wọ́n bá jiyàn, ariwo á sọ. Bí Bàbá Rùfáì bá gbọ́, tí Faridah gbọ́, ta ló máa gba òun lọ́wọ́ yẹ̀yẹ́? Ó wá ògbólógbòó páànù kan, ó gbé e dí iwájú ìkòkò náà kí ẹni tó bá yọjú má baà rí i.

Wolé-wolé dé láàárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá Bartholomew ni wọ́n ń pè é. Ó yẹ gọ́tà wò, ó yẹ táǹkì wò, ó yẹ àwọn táyà àlòkù Bàbá Rùfáì wò, tí ọkùnrin náà ti dá ihò sí gbogbo wọn lára kí omi má lè dúró níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó kan ilé wọn, ó yíjú sí Hidayat.

"Ilé tiyín ńkọ́?"

"Ó mọ́, sà." Ó yára sọ ọ́, bí ẹni tí nǹkan ń lé. "Èmi fúnra mi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. O káre láé!" Ó rékọjá sí ilé tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n fi báàjì sí i láyà lóòótọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, ara Hidayat kò lélẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá ń kàwé, á ju ìwé sílẹ̀, á lọ yọjú sẹ́yìn páànù. Àwọn tanwíjí ńlá ń dín kù, àwọn wẹ́wẹ́ ń rọ́pò wọn, ó sì mọ ibi tí àwọn tó kúrò níbẹ̀ ń lọ. Mutolib kò fẹ́ràn nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ó ní ooru ń mú òun, abẹ́ fèrèsé yẹn gan-an ló ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí.

"Ẹ̀fọn yìí pọ̀ jù," ni Ìyá Àgbà ń sọ bó ṣe ń gbá ẹsẹ̀ rẹ̀. "Igbó ẹ̀yìn kánáàlì yẹn ni. Kí ìjọba bá wa ṣán an."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Hidayat dáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó bá Mutolib lórí ẹní, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Àárọ̀ ló ti ń gbọ̀n, kò sì jẹun. Ìyá Àgbà ń gbé àgbo sí i lẹ́nu nígbà tí ojú ọmọ náà yí padà, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gan. Gìrì ti mú un!

"Yéè! Ẹ gbà mí o!" ni Ìyá Àgbà ké.

Hidayat sáré jáde láìwọ bàtà. Ta ló kọ́kọ́ rí? Bàbá Rùfáì ni. Ọkùnrin náà sọ irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wọlé, ó gbé Mutolib sọ́rùn, ó sì dúró sáàárín títì títí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan fi dúró. Kò rántí wásáàpù kankan.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ibà ni. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi omi sí i lára. Hidayat ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò lè jókòó.

"Mà, ṣé omi dúró sí àyíká ilé yín ni?" ni nọ́ọ̀sì bi Ìyá Àgbà.

"Rárá o, nọ́ọ̀sì. Ilé wa mọ́ tónítóní. Ẹ wo báàjì láyà ọmọ mi yìí, òun lọ̀gá ìmọ́tótó."

Hidayat bú sẹ́kún. "Irọ́ ni! Ìyá Àgbà, omi àkọ́rọ̀ yẹn ni. Ẹran omi kọ́ o, ọmọ ẹ̀fọn ni."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí mo sọ fún yín pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Ojú ló ń tì mí, mà. Mo ti bú Bàbá Rùfáì."

Ìyá Àgbà kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Èmi kò mọ̀, Hidayat. Ẹni tí kò mọ̀, a lè kọ́ ọ. Ìwọ tó mọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. O jẹ́ kí n gbé ikú síbi orí àbúrò rẹ."

Nígbà tí Mutolib lajú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tó ní òun fẹ́ jẹ búrẹ́dì, Hidayat tún sunkún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ náà darí wálé, ẹ̀yìn ilé ni Hidayat gbà lọ tààrà. Ó ṣí páànù kúrò, ó yọ fóònù, ó ya ìkòkò náà.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" ni Ìyá Àgbà bi í.

"Mo fẹ́ gbé e sórí wásáàpù, mà. Bí mo ṣe gbé ti Bàbá Rùfáì."

Ìyá Àgbà tún gèlè rẹ̀ wé, ó lọ dúró ti ìkòkò. "Ya èmi náà mọ́ ọn. Ẹni tó o yà lọ́jọ́sí, o ò tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi, mo gbà."

Hidayat kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ilé tiwa rèé. Mo mọ̀, mo sì fi pa mọ́. Àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Bàbá Rùfáì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin tó kù, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé yín." Lẹ́yìn náà, ó da omi náà sórí yanrìn gbígbẹ. Àwọn tanwíjí náà jà pìtìpìtì, wọ́n sì dákẹ́. Báàjì náà, ó dá a padà fún Ọ̀gá Bartholomew fúnra rẹ̀.

Bàbá Rùfáì yọjú nírọ̀lẹ́. Ó mú àwọ̀n wẹ́wẹ́ kan dání, àti rọ́bà tó gé lára ṣúùbù táyà. "Ìyá Àgbà, ẹ gbe àkọ́rọ̀ yín lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ fi àwọ̀n yìí bo ẹnu ìkòkò, ẹ fi rọ́bà dì í pinpin, ẹ̀fọn kò ní ráyè yé sí i." Ó wo Hidayat, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá wa, ṣé ilé iṣẹ́ ẹ̀fọn ti kógbá wọlé?"

"Ó ti kógbá wọlé, sà," ni Hidayat fèsì, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí o bá mọ ohun tó lè pa ará ilé rẹ, sọ ọ́, ì báà jẹ́ pé ojú á tì ọ́. Ojú tó tì ọ́ lónìí á là lọ́la, ṣùgbọ́n ẹ̀mí tó bá lọ kì í padà wá.