Wáyà Yàrá Àwọn Ọmọ Tuntun

Obìnrin oníṣẹ́ iná náà ò kí ẹnikẹ́ni. Ó wọlé tààrà síbi tí wọ́n ti ń po ike èèpo wáyà nílé iṣẹ́, eruku sìmẹ́ńtì lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ká wáyà tuntun kan níwájú ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ. Èèpo wáyà náà là, ìyẹ̀fun funfun dà sílẹ̀ lára rẹ̀. Ìbínú mú ojú obìnrin náà tàn débi pé ọkùnrin náà gbàgbé láti pa ẹ̀rọ.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ po èyí?"

"Èmi ni."

"Yàrá àwọn ọmọ tuntun nílé ìwòsàn ni mo fà á sí. Tó bá gbiná ńkọ́?"

Òkúta tí wọ́n lọ̀ kúnná ló wà nínú ike náà, kí iná má baà ràn án. Ṣùgbọ́n òkúta àti ike kì í fẹ́ ara wọn. Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi oògùn kan ra òkúta náà lára kí ike tó lè gbá a mú; láìsí i, èèpo wáyà á máa là. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkùnrin yìí, tó tọ́ ọ dàgbà, tó sì ni ilé iṣẹ́ náà, ló ní kí wọ́n yọ oògùn náà kúrò, ó ti wọ́n jù. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n jágbe mọ́ ọn, ó sì panu mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló sọ fún obìnrin náà.

"Ẹ mọ̀, ẹ wá dákẹ́." Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dun ọkùnrin náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

"Bàbá, mi ò ní po ayédèrú mọ́."

"Nítorí obìnrin tó o rí lánàá?"

"Nítorí àwọn ọmọ tó ń sùn lábẹ́ wáyà wa, sà."

"Jáde nílé iṣẹ́ mi. Kó ẹrù ẹ kúrò nílé mi náà."

Ilé ìwòsàn ló gbà lọ. Ó jẹ́wọ́ fún olórí nọ́ọ̀sì, wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò nínú yàrá, òun àti oníná sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà kúrò nínú àjà yàrá kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ rọra, Ìyá Iná, orí mi lẹ ń da eruku sí."

"Ẹni tó po ike yìí, orí ẹ̀ náà ni kó dà sí."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin náà ti ń bu búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì lọ́sàn-án, "ẹ" sì ti di "o" láàárín wọn.

Ilé ìwòsàn dá gbogbo wáyà náà padà. Bàbá fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀.

"Oògùn yẹn ti dé. Máa bọ̀ nílé."

"Ẹ kọ́kọ́ bẹ àwọn yẹn, sà."

Àwọn ìyá tó gbé ọmọ mọ́ra jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bàbá ṣí fìlà, ó bẹ̀ wọ́n.

"Inú ṣì ń bí mi," ni ọkùnrin náà wí nígbà tí bàbá lọ.

"Kó máa bí ẹ. Mi ò lè fẹ́ ẹni tí irú èyí ò bí nínú."

"O ti ń fẹ́ mi nìyẹn?"

Obìnrin náà ti ń gòkè.

"Di àkàbà mú, ọkọ mi. Yàrá kan ṣì kù."