Ó Gùn Jù, Mo Yọ Máàkì Méjì

Ẹ wo mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà ọ̀lẹ! Mọ́tò dúdú, ó ń dán yinrinyinrin, bẹ́ẹ̀ ní ìjẹta yìí, bàtà kan ṣoṣo ni olówó rẹ̀ ní, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti yọjú lára bàtà náà bí ẹni tó ń wòran òjò. Níbo lówó ti wá? Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́.

Adájọ́ ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe adájọ́ ilé ẹjọ́ o, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Aṣelámèyítọ́ géèmù ni, irú géèmù tí wọ́n ń fi páàdì ta lójú tẹlifíṣàn. Bí géèmù tuntun bá jáde, á kọ ìdájọ́ rẹ̀ sórí ayélujára, á fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá, kí àwọn tó fẹ́ rà á lè mọ̀ bóyá ó tọ́ sí owó wọn. Iṣẹ́ gidi ni, bí olóòótọ́ bá ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Adájọ́ tiwa yìí kò ta géèmù kankan parí rí láyé rẹ̀. Bí ọ̀tá àkọ́kọ́ inú géèmù bá ti pa á, á pòṣé, á ju páàdì sílẹ̀, á pe àbúrò rẹ̀.

Àṣeparí ni ìnagijẹ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Yàrá kan ni àwọn méjèèjì ń gbé láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, tó fi ọwọ́ àbúrò lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ kó tó dákẹ́. Ọmọ náà ni yóò jókòó, tí yóò ta géèmù dé òpin, tí yóò sọ bó ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n á wá fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ọ́. "Mo ta á parí," lá máa wí. Irọ́ ńlá gbáà! Ojú ò sì tì í.

Ohun kan wà tó tún kórìíra ju iṣẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ ni. Àwọn ènìyàn inú géèmù a máa dúró sọ ìtàn fún ẹni tó ń ta á, bọ́tìnnì kan sì wà lára páàdì tí ènìyàn lè fi fo ìtàn náà. Àtàǹpàkò Adájọ́ kì í kúrò lórí bọ́tìnnì yẹn. Síbẹ̀ gbolóhùn kan náà ló máa ń wà nínú gbogbo ìdájọ́ rẹ̀: "Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn jù, mo yọ máàkì méjì." Ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rárá!

Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń kà á àfi àbúrò rẹ̀, àti ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ géèmù ṣe ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Baba Wáyà ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ Adájọ́ bàjẹ́, ó gbé e lọ bá a lọ́sàn-án gangan.

"Ìwọ ni Adájọ́," ni Baba Wáyà wí, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára wáyà tó ń jó. "Mo ń ka ìdájọ́ rẹ. Ẹnu rẹ burú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣé, Baba. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbọ́."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbọ́? Kí o ní èyí kò dáa, kí gbogbo ayé kọ̀ ọ́? Kí àwọn tó ń ṣe géèmù máa gbé àpò owó wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ?"

"Àdúrà wo ni mo tún ń gbà, Baba!"

"Èyí kì í ṣe àdúrà." Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. "Wọlé."

Inú yàrá náà ṣókùnkùn. Òórùn wáyà jíjó àti ti ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́ kọlu imú rẹ̀. Tẹlifíṣàn kan wà nílẹ̀, páàdì kan wà níwájú rẹ̀, okùn páàdì náà kò sì wọ inú ẹ̀rọ kankan. Inú ìkòkò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn ló wọ̀. Awọ ni wọ́n fi bo páàdì náà. Adájọ́ gbé e. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń mí.

"Gbọ́ ọ dé òpin kí o tó tẹ ohunkóhun," ni Baba Wáyà wí létí rẹ̀. "Ohun tí o máa gbà, ohun tí o máa san, gbogbo rẹ̀ ló máa sọ. Èmi ò ní tún un sọ."

Tẹlifíṣàn tàn. Ẹnu ló wà níbẹ̀, ẹnu lásán, kò lójú, kò nímú. Eyín rẹ̀ kò bára wọn mu, àfi bíi pé ẹnu oríṣiríṣi ènìyàn ni wọ́n ti ṣà wọ́n jọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọfọ̀:

"Òjò kì í ránṣẹ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ kọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ kì í pe ewé kí ewé má mì. Ohun tí o bá yìn, kí ayé yìn ín. Ohun tí o bá kọ̀, kí ayé kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu kì í ṣiṣẹ́ lófo. Ẹ̀jẹ̀..."

Àtàǹpàkò Adájọ́ tẹ bọ́tìnnì. Ó fò ó.

Ẹ gbà mí o! Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń bá a sọ, ó fò ó! Gbogbo ìyókù ọfọ̀ náà sáré kọjá fìrì, ó ku ìbéèrè kan ṣoṣo: Ṣé o gbà? Ó tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Abẹ́rẹ́ kan yọ lára páàdì, ó gún un lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì gba inú okùn lọ sínú ìkòkò. Nǹkan kan gbé e mì nísàlẹ̀ níbẹ̀.

"O mà yára o," ni Baba Wáyà wí.

"Ó gùn jù, Baba."

Bí owó ṣe dé nìyẹn. Adájọ́ fún géèmù kan ní méjì nínú mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó rà á mọ́, àwọn tó ṣe é sì ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ wọn pa. Àwọn yòókù gbọ́, wọ́n ń gbé àpò bọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ṣe é ní mẹ́sàn-án." Ó ra mọ́tò. Ó kó wọ ilé ńlá. Inú ilé ńlá náà ni Àṣeparí ti ń ta géèmù dé òpin bó ṣe ń ṣe látijọ́.

Bí ìdájọ́ àkọ́kọ́ ṣe jáde, ẹ̀jẹ̀ yọ lábẹ́ èékánná ọmọ náà. Òmíràn jáde, èékánná bọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wò ó," ló wí, ó na ọwọ́ sí i. "Ìka mi ti kú. Mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́."

Adájọ́ ní kó fi òróró pa á. Ó ní kó kàn bá òun parí èyí tó wà lọ́wọ́, kó wá sinmi. Ẹ̀gbọ́n rere! Dókítà wò ó títí, kò rí àrùn kankan. Nígbà tó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì ọmọ náà dúdú bí èédú, ó sì já bọ́ sórí páàdì lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Adájọ́ lọgun. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ nípa rẹ̀: aláìníláárí ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀. Bó ṣe ń wa mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Baba Wáyà, ohùn ìyá rẹ̀ ló ń gbọ́, ó sì ń sunkún.

"Baba, àbúrò mi ń kú lọ!"

"Mo mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá ta géèmù parí ni Ẹnu ń mu. O gbà bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò sọ fún mi!"

"Ẹnu sọ fún ọ. O fò ó." Baba Wáyà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà lo ń kọ ọ́ káàkiri pé ìwọ lo ń ta á parí. Ká ní òótọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ tìrẹ ni à bá máa mu. Irọ́ rẹ ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn."

"Ẹ gba mọ́tò. Ẹ gba gbogbo owó."

"Ta ló bi ọ́ léèrè owó? Jókòó. Ta géèmù inú ìkòkò yìí fúnra rẹ. Níwọ̀n ìgbà tí o bá ń ta á, a ó yọwọ́ lára àbúrò rẹ. Bí o bá parí rẹ̀, o bọ́. Bí o bá kú nínú rẹ̀, eyín kan."

"Eyín ta ni, Baba?"

Baba Wáyà tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀.

Ó jókòó. Páàdì náà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, awọ wọnú awọ. Ọ̀tá àkọ́kọ́ yọ, ó sì pa á lójú ẹsẹ̀. Kí ni ẹ rò tẹ́lẹ̀? Eyín iwájú rẹ̀ fà tu pẹ̀lú gbòǹgbò, ó ró kọ́ nílẹ̀, ó sì yọ lẹ́nu tó wà lójú tẹlifíṣàn. Ó tún ta á. Ó tún kú. Ẹni tó ń pe iṣẹ́ oníṣẹ́ ní pàǹtí, kòtò àkọ́kọ́ kò ṣeé fò fún un! Ó ń ké, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ó ń ta á lọ.

Nílé, ẹ̀jẹ̀ dá lọ́wọ́ Àṣeparí. Ìka tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Kàkà kí inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ já: kí ni ẹ̀gbọ́n òun lọ ṣe? Ó wá a kiri títí ó fi rí mọ́tò dúdú náà níwájú ṣọ́ọ̀bù Baba Wáyà. Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jókòó nílẹ̀ yẹn, ẹ̀jẹ̀ bo àyà rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọlé bíi ti arúgbó. Eyín kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà fà á, fà á, páàdì kò kúrò lọ́wọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí ló sọ níbẹ̀rẹ̀?"

Adájọ́ mi orí. Kò mọ̀.

Àṣeparí kúnlẹ̀ níwájú Baba Wáyà. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú Baba Wáyà yí padà. "Kò sẹ́ni tó béèrè ìyẹn rí. Ṣùgbọ́n bí a bá padà síbẹ̀rẹ̀, eyín kan ni."

Adájọ́ wo àbúrò rẹ̀. Ọmọ yìí kò já a kulẹ̀ rí. Ó mi orí pé òun gbà, eyín ìkẹyìn sì bọ́.

Ẹnu bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àṣeparí di àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú gírígírí kó má baà tẹ nǹkan kan, ó sì tẹ́tí. Ẹnu sọ ti ọlà, ó sọ ti ẹ̀jẹ̀, ó sọ ti eyín. Ní òpin pátápátá, ó ní:

"Bí ẹni tó búra bá kábàámọ̀, kó má bẹ̀bẹ̀, kó má ta géèmù kankan. Kó fi eyín ara rẹ̀ já okùn yìí, kó dìde, kó máa lọ sílé. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan."

Okùn náà tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọdé lè gé e jẹ. Àṣeparí bẹ́ mọ́ ọn, ó fi eyín ara rẹ̀ gé e, kò já. Òun kọ́ ló búra. Ó ki okùn náà bọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. Adájọ́ fi èrìgì rún un, ó rún un, ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀, bí ọmọ ọwọ́ tó ń fa ọmú tí kò ní wàrà. Okùn náà ò tilẹ̀ bó.

"Eyín ti tán," ni Baba Wáyà wí. "Ìka ló kàn."

"Bọ̀ọ̀dá mi!" Àṣeparí bú sẹ́kún, ó di í mọ́ra. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti wà níbẹ̀! Kí ló dé tí ẹ ò gbọ́ ọ?"

Adájọ́ la ẹnu òfìfo rẹ̀.

"Ó gùn jù," ló wí.

Lójú tẹlifíṣàn, Ẹnu fi gbogbo eyín rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì tún bẹ̀rẹ̀: "Òjò kì í ránṣẹ́ sílẹ̀..." Àṣeparí ti jọ̀wọ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lè nu omijé. Àtàǹpàkò Adájọ́ wá bọ́tìnnì lọ, ó sì tẹ̀ ẹ́.