Ìlà Funfun Ìdúmọ̀tà

Ṣàkírù onítakisí kì í dúró fún ẹlẹ́sẹ̀ lórí ìlà funfun Ìdúmọ̀tà, àfi ìrọ̀lẹ́ tó kọ́kọ́ fojú kan Hàwáwù. Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ adúmáadán náà gbé abọ́ ẹja rù, ó sì sọ̀ sójú títì láìwo ibì kankan. Bàbá gíga kan tó wọ funfun mú un lọ́wọ́. Gbogbo ọkọ̀ dúró wámúwámú. Òtútù kan gba fèrèsé wọlé. Kí Ṣàkírù tó ṣẹ́jú, ọmọge náà nìkan ló kù.

"Ẹ ṣeun, Bùrọ̀dá."

"Bàbá tó mú ẹ sọdá dà?"

Abọ́ orí rẹ̀ mì. "Ẹ̀yin náà rí wọn?"

Láti ọjọ́ yẹn ni Ṣàkírù ti ń gbé e láti ọjà Sandgrouse relé ní Olówógbowó, kò sì gbowó. Inú takisí ló ti gbọ́ ọ: ní ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún, bàbá Hàwáwù fẹ́ sọdá, ó wo apá tó ti ń wò láti kékeré. Apá kejì ni ọkọ̀ gbà yọ, ó sì gbá a pa.

"Láti ìgbà yẹn, wọn ò jẹ́ kí n dá sọdá mọ́."

"Àna mi ti di Yẹ́lófífà tó ń darí ọkọ̀ nìyẹn!"

"Ẹ má fi bàbá mi ṣeré o!" Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ṣàkírù kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Ọmọ tí òkú ń dá ọkọ̀ dúró fún? Kò ní bàbá, kò ní ẹ̀gbọ́n. Ta ni yóò fi ọmọ fún wa?"

Hàwáwù náà fàáké kọ́rí: bí Ìyá ò bá gbà, òun ò wọlé ọkọ.

Ṣàkírù ò lè jẹun mọ́. Nígbà tó rù kan eegun, Ìyá ní òun á fojú ara òun rí i.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́, Ìyá dúró létí títì ní Ìdúmọ̀tà. Ọkọ̀ kankan ò dá a lóhùn. Hàwáwù di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ọkọ̀ sì pa rọ́rọ́.

Láti òdì kejì, Ṣàkírù rí i tí ìyá rẹ̀ dúró gbagidi láàárín títì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ká, bí ẹni pé ọwọ́ mìíràn wà nínú rẹ̀. Ó gbójú sókè wo ẹnì kan tó ga jù ú lọ. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, àna wa. Ọmọ yín la wá tọrọ."

Dírẹ́bà kankan ò fọn fèrè. Ìyá ń mi orí, bí ẹni tó ń gbọ́rọ̀. Nígbà tó dìde, omijé ti bo ojú rẹ̀. Wọ́n sọdá, ó fa Hàwáwù lé Ṣàkírù lọ́wọ́.

"Wọ́n ti fún wa. Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn, kí o máa wo ọ̀tún, kí o máa wo òsì."

Lẹ́yìn wọn, fèrè ọkọ̀ ké lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọkọ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ eré. Takisí Ṣàkírù sì wà ní òdì tí Ìyá ti sọdá wá. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú pinpin. Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì.